Fóònù dún níbi àìsùn màmá wa, mo sì rẹ́rìn-ín: ṣé mo ti ba ìsìnkú wọn jẹ́ ni?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kubwa ní Abuja níbí. Ó ní níbi àìsùn màmá àwọn, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa gbé òkú lọ sílé ní Kàbbà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan. Fóònù ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, tó dúró ti pósí gan-an, bá dún. Ohùn ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló gbà sílẹ̀ sórí rẹ̀: “Dádì, gbé fóònù ẹ! Dádì, gbé fóònù ẹ!” Agbádá ńlá ni ẹ̀gbọ́n wọ̀, kò tètè rí àpò tí fóònù wà. Nígbà tó rí i, ìka rẹ̀ tẹ ibi tí kò yẹ, ohùn ọkùnrin tó ń kó àga lọ sí Kàbbà sì jáde sí gbangba: “Ọ̀gá, àga igba ni àbí ọ̀ọ́dúnrún?” Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀ọ́dúnrún ni!” Ni ẹ̀rín bá bú. Arábìnrin yìí náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àbúrò màmá wọn obìnrin ò yé bínú. Ó ní ọmọ tó rẹ́rìn-ín lójú òkú ìyá rẹ̀ ti dá ìbùkún ìyá padà. Ìrántí ọdún kan ku oṣù méjì, Abuja níbí ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é. Ó ń béèrè bóyá àmì burúkú ni, báwo ni òun ṣe máa bá àǹtí wọn parí ìjà, àti kí ni wọ́n lè ṣe kí irú rẹ̀ má tún wáyé.

Arábìnrin mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ẹ̀yìn wọn á dára.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń darí ètò láàárín àwa Yorùbá ní Abuja, láti Nyanya dé Gwagwalada: àìsùn, ìsìnkú, ìkómọjáde, ìwúyè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn yín jù. Kì í ṣe àmì. Ẹ̀rín tí ẹ rín náà kì í ṣe àfojúdi sí òkú.

Ọ̀sẹ̀ tí èèyàn ń múra àtisin ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ara ń sinmi. Ẹ ò sùn, ẹ ò jẹun dáadáa, àlejò ń wọlé láti àárọ̀, ẹ sì ń gbé ẹkún mì kí àwọn ọmọ má bàa rí i. Gbogbo rẹ̀ ń kún inú àyà bí omi ṣe ń kún àgbá. Ibi tó bá kọ́kọ́ là lára àgbá lomi máa gbà jáde. Àwọn àgbà tó sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, wọ́n ti jókòó ti òkú rí kí wọ́n tó sọ ọ́. Ní 1963, Stanley Milgram, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn ìdánwò kan tó ṣe fún ọkùnrin 40. Wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n gbà pé ó ń fi iná mànàmáná ta ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ iná kankan kò ta onítọ̀hún rárá. Bí wọ́n ṣe ń làágùn tí wọ́n ń gbọ̀n, 14 nínú wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, àwọn fúnra wọn ń ṣàlàyé pé kò dùn mọ́ àwọn nínú o, ẹ̀rín náà kàn ń jáde ni. Ẹkún ló gba ọ̀nà ẹ̀rín jáde lára tiyín náà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé omi ń bọ́ lójú yín.

Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ìsìnkú kọ́ ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló bàjẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kì í sì í ṣe ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Cape Town ní South Africa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918. Lójoojúmọ́, bí ìbọn tí wọ́n máa ń yìn lọ́sàn-án gangan bá ti dún, gbogbo ìlú á dúró jẹ́ẹ́ láti rántí àwọn ọmọ ogun tó ń kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Percy FitzPatrick, ọmọ South Africa, ló dá a lábàá fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Ọba George Karùn-ún sì ní kí wọ́n ṣe é ní 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1919. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. Àwa ní Nàìjíríà gbé ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tiwa sí 15 oṣù Kìíní, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970, ọdọọdún la sì ń ṣe é níbí ní Abuja pẹ̀lú fèrè, òdòdó àti ẹyẹlé funfun.

Àwọn ọmọ ogun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Àwa ò kọ́ ọ. Ohùn la fi ń sin òkú nílẹ̀ wa: ẹkún, oríkì, ìlù, orin. Nígbà tí ẹ bá ní kí igba èèyàn dìde kí wọ́n má ṣe nǹkan kan, etí gbogbo wọn á là, wọ́n á máa wá ohun tí wọ́n máa gbọ́. Fóònù tí ìbá dún láàárín orin tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ á wá dún bí ìbọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń pe “ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan” mọ́ níbi ètò tí mo bá ń darí. Màá dárúkọ olóògbé, màá ní kí ẹnì kan nínú ẹbí ki oríkì wọn ní ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni màá ní kí kálukú dákẹ́ díẹ̀ kó rántí oore kan tí olóògbé ṣe fún un. Ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Ẹni tó bá ní ohun tó ń rántí, ìró kékeré kì í tètè gbà á lọ́kàn.

Abuja tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé ìjọsìn fara ti ara wọn, ìpè àdúrà á bọ́ sí àárín ìwàásù, orin ìjọ kejì á gba ojú fèrèsé wọlé. Sáírẹ́ẹ̀nì ọkọ̀ tó ń là ọ̀nà fún ọ̀gá kan á gba títì kọjá. Tó bá di oṣù Kẹrin, ìjì àkọ́rọ̀ òjò á gbé kánópì. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti màlúù.

Ibi ìtẹ́ òkú kan lẹ́yìn Gwagwalada ni. Àlùfáà ti dé ibi “ilẹ̀ fún ilẹ̀, eérú fún eérú”, àkọ́bí olóògbé ti bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, ni agbo màlúù, wọ́n tó ọgbọ̀n, bá yọ láàárín àwọn sàréè, wọ́n ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa. Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹbí ti ń ṣa òkúta. Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè, kò sọ̀rọ̀, ó pa ìwé dé, ó fi ìka há ibi tó kà dé, ó dúró. Gbogbo wa bá dúró. Ọmọ tó ń da màlúù náà kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Nígbà tó rí ihò àti pósí, ó ṣí fìlà koríko orí rẹ̀, ó sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní lédè Hausa, “Allah ya jikansa,” ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Àkọ́bí olóògbé, tó dàgbà sí Kaduna, dáhùn pé, “Amin.” Màlúù kọjá tán, eruku rọlẹ̀, àlùfáà ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ tó kù. Títí di òní, bí ẹbí yẹn bá ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú bàbá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ará ọ̀nà tí kò mọ bàbá àwọn rí ló wá gbàdúrà fún un.

Ká ní òkúta kan ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ni, ìtàn ìjà ni wọn ì bá máa sọ. Ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ju gbogbo ohun mìíràn lọ nìyẹn: ìdíwọ́ fúnra rẹ̀ kì í sábà ba ètò jẹ́. Ohun tí ẹni tí gbogbo ojú ń wò bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ló ń bà á jẹ́ tàbí tó ń gbà á là. Ẹ rántí 12 oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú yọ̀ ṣubú ní Eagle Square bó ṣe ń gun ọkọ̀ tó máa gbé e yí àwọn ọmọ ogun ká. Ó dìde, ó gun ọkọ̀ náà, ètò ń lọ. Nígbà tó di alẹ́ níbi àsè, òun fúnra rẹ̀ mẹ́nu bà á, ó ní ọmọ Yorùbá lòun, òun dọ̀bálẹ̀ fún ìjọba tiwa-n-tiwa ni. Èrò yòówù kí èèyàn ní nípa òṣèlú, bí àgbà ṣe ń dìde nìyẹn.

Èmi náà ti bà á jẹ́ rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọmọ ọwọ́ kan ń ké níbi ìsìnkú, mo sì sọ ọ́ sínú máìkì pé kí ìyá ọmọ jọ̀wọ́ gbé e jáde. Àbíkẹ́yìn olóògbé ni ìyá ọmọ náà. Ìta ló wà nígbà tí àwọn yòókù ń wo ojú bàbá wọn kẹ́yìn, kí wọ́n tó de pósí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní Karu lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè dá ìṣẹ́jú yẹn padà fún un. Lẹ́yìn náà ni Ààfáà kan sọ fún mi pé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, máa ń ké ìrun kúrú tó bá gbọ́ igbe ọmọdé, nítorí ìnira ìyá rẹ̀. Ó tún sọ ti ará aginjù tó dìde tó ń tọ̀ sínú mọ́sálásí. Àwọn èèyàn fẹ́ dà bò ó, Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó tọ̀ tán, kí wọ́n sì da garawa omi kan sí i. Nínú Bíbélì, ní orí 20 ìwé Ìṣe àwọn Aposteli, Paulu ń wàásù lóru, oorun gbé ọ̀dọ́mọkùnrin Eutiku lójú fèrèsé, ó sì já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Paulu sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n má kọminú, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó padà sókè, wọ́n jẹun, ọ̀rọ̀ sì ń lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò bá ẹni tó sùn wí.

Ibì kan wà tó yẹ kí èèyàn ti padà sẹ́yìn: ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an bá ti jẹ́ ètò, bí ìbúra, ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó tàbí orúkọ olóògbé. Nígbà tí Barack Obama ń búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Amẹ́ríkà ní 20 oṣù Kìíní ọdún 2009, adájọ́ àgbà wọn, John Roberts, gbé ọ̀rọ̀ kan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọn ò pariwo. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ìbúra náà ṣe ní White House pẹ̀lú èèyàn díẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ṣi orúkọ màmá pè lọ́jọ́ ìrántí, kí ẹnì kan rọra sọ èyí tó tọ́ sí i létí, kí ó tún un pè, kí ó máa lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ̀gbọ́n yín lè búra pé òun ti pa ohùn rẹ̀, kó sì jẹ́ òótọ́. Ní 10 oṣù Kìíní ọdún 2012, ní New York, Alan Gilbert tó ń darí ẹgbẹ́ olórin ńlá kan dá orin dúró pátápátá, nítorí fóònù kan ń dún níwájú gan-an, kò sì dákẹ́. Ẹni tó ni ín ti pa ohùn ìpè. Áláàmù ló ń dún, kò mọ̀ pé áláàmù kì í gbọ́ ti pé wọ́n ti pa ohùn. Nítorí náà, kí ẹ máa sọ pé “ẹ pa ohùn fóònù yín” ò tó. Kíkú ni kí fóònù kú pátápátá, pàápàá èkejì tó wà nínú báàgì.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àǹtí yín wà. Nínú gbogbo ìsìnkú tí mo ti darí, fóònù tó sábà máa ń dún kì í ṣe ti àlejò tí kò ka ètò sí. Ti ẹni tí ìsìnkú wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Alásè ń pè é, awakọ̀ áńbúláǹsì ń pè é, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nílé ń pè é. Fóònù ẹ̀gbọ́n yín dún nítorí pé òun ló ń wá àga tí èrò máa fi jókòó nígbà tí wọ́n bá ń sin ìyá rẹ̀. Kò sí ìwà àìbìkítà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe bá àǹtí sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, kí ọjọ́ ìrántí tó sún mọ́lé. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé, ẹ kò sì gbọdọ̀ sọ ti ìdánwò Amẹ́ríkà tí mo kọ sókè yìí fún wọn. “Ẹ má bínú, Màámi” ló kàn. Ẹ̀yin pàdánù ìyá, gbogbo ayé ló sì bá yín kẹ́dùn. Àwọn pàdánù ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n wọ́n, mélòó nínú àwọn tó wá kí yín ló yà sọ́dọ̀ wọn? Lójú tèmi, ìbínú yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan. Bí wọ́n bá ti gbà yín dìde, ẹ bẹ̀ wọ́n kí àwọn ni wọ́n ki oríkì màmá lọ́jọ́ ìrántí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ki màmá yín nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin.

Ohun kan wà tí ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n ìrántí ọdún kan ni àsìkò rẹ̀, ogún sì máa ń wà nílẹ̀: ìdíwọ́ tí kì í ṣe èèṣì. Ẹnì kan á dìde pé òun náà jẹ́ ọmọ, tàbí pé olóògbé jẹ òun lówó, tàbí pé wọ́n ta ilẹ̀ láìsọ fún òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbá a mú, ó pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fóònù gbogbo èèyàn ń ká a sílẹ̀, ẹbí náà kò sì parí ìjà yẹn títí di òní. Nígbà kejì, mo rán ìyá àgbà kan sí i. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n pè é ní ọmọ mi, wọ́n fún un ní àga ní ìlà kẹta, wọ́n ní, “A máa gbọ́ tìẹ lẹ́yìn ìsìn, èmi gan-an máa jókòó níbẹ̀.” Ó jókòó, ó sì sunkún títí ìsìn fi parí. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ṣe irú ìlérí yẹn tí ẹ ò mú un ṣẹ, ẹ má yà á lẹ́nu tó bá padà wá níbi ìsìn tó ń bọ̀.

Bí ẹnì kan bá dákú, ẹ dá gbogbo ètò dúró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fún un láfẹ́fẹ́. Bí kò bá tètè ta jí, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìdúró pípẹ́ nínú ooru ló sábà máa ń fà á, ẹ̀jẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, kò ní tó fún orí. Nítorí náà, ẹ fi àwọn àgbàlagbà sórí àga.

Ní ti iná, jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi parí, bí iná ìjọba bá tiẹ̀ wà. Ibi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ iná ni máìkì ti ń kú, pàápàá láàárín àdúrà. Kí wọ́n rọ epo kún un kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá ń kàwé má gbé máìkì kọjá níwájú sípíkà, torí ohùn tó jáde níbẹ̀ á tún padà wọ máìkì, á máa yí po títí á fi han.

Ẹ yan ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí, tí orí rẹ̀ tutù, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo fóònù ọmọ olóògbé máa wà, ti ẹ̀gbọ́n ni kó kọ́kọ́ gbà, òun ni yóò sì máa bá alásè àti ẹni tó ń kó àga sọ̀rọ̀. Ẹ yan ẹlòmíràn tó ní ohùn, kí ó mọ orin tí màmá fẹ́ràn jù. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, bó jẹ́ igbe, bó jẹ́ iná tó lọ, kó má wo ojú ẹnikẹ́ni, kó dá orin náà, kí ẹ gbè é títí ara gbogbo èèyàn á fi balẹ̀.

Ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó má pa ohùn ọmọ yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Kó kàn máa pa fóònù náà kó tó wọlé ni.